Oúnjẹ Alẹ́ fún Ẹni Méjì

Lóṣù yìí a kò ní sọ̀rọ̀ owó káńsù, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya la fẹ́ sọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ti bímọ, tí iṣẹ́ sì ti gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan á ní, kí ló kan ẹgbẹ́ aláàánú nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́? Ó kàn wá o. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń dé orí tábìlì wa bí ọ̀rọ̀ gbèsè, bí ẹ bá tú ìdí rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí kò ráyè bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan wá. A ti yí i padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn tó ni ín mọ̀. Tọkọtaya kan wá bá wa nítorí owó iná tó ti di gbèsè. Ìyàwó ń tọ́jú arúgbó lóru, ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù lọ́sàn-án. Bí ìyàwó bá wọlé láàárọ̀, ọkọ ti wọ bàtà sẹ́sẹ̀. Bí ọkọ bá dé lálẹ́, ìyàwó ti gbé báàgì kọ́ apá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́, lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn kí ọmọ má baà wà nílé láìsí òbí, kí wọ́n má sì san owó olùtọ́jú ọmọ.

Nígbà tí wọ́n jókòó síwájú wa, ọkọ ní, "Ẹ bá mi bi í pé kí ló dé tí kò san án." Ìyàwó náà ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé òun ló ní òun máa san án." Wọ́n jókòó ti ara wọn o, èjìká kan èjìká. Lẹ́tà iléeṣẹ́ iná ti wà lórí fíríìjì fún oṣù mẹ́ta, oníkálùkù rò pé èkejì ti rí sí i. A bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n jọ jókòó jẹun gbẹ̀yìn, àwọn méjì péré. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú ìyàwó, ọkọ sì dorí kodò.

Gbèsè yẹn la kọ́kọ́ bá wọn yanjú, a bá wọn kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohun kejì tí a sọ fún wọn ni ohun tí a fẹ́ sọ fún gbogbo yín lónìí: ẹ mú alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù, ẹ se oúnjẹ tó dára nílé, kí ẹ̀yin méjì jókòó jẹ ẹ́, láìsí ọmọ, láìsí àlejò, láìsí tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó ni kí tọkọtaya máa tan àbẹ́là jẹun. Lóòótọ́, nílé àwọn bàbá wa, bàbá ń jẹ tirẹ̀ ní yàrá, ìyá ń jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ nídìí ààrò. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń ki ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, "Àkànní, Àjàní, olówó orí mi," á mọ̀ pé ìfẹ́ kò bá ọkọ̀ òfuurufú dé. Ẹ wo oríkì àwọn obìnrin wa: Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó kẹ́. Àjọkẹ́, ẹni tí gbogbo wa jọ ń kẹ́. Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Kíkẹ́ wà nínú orúkọ fúnra rẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìlú ọba níbí? Ọmọ dé, ọkọ di "Dádì", ìyàwó di "Mọ́mì", ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sẹ́ni tó tún pe èkejì ní Àṣàkẹ́ mọ́ àfi ìyá ìyàwó lórí fóònù. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ wa fún alẹ́ yìí: kò sí Dádì, kò sí Mọ́mì lórí tábìlì. Oríkì ni kí ẹ fi pe ara yín. Bí ẹ bá ti gbàgbé oríkì ẹnì kejì yín, ẹ pe ilé kí ẹ béèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn tó gbàgbé kò kéré.

Ó yá, báwo la ṣe máa rí alẹ́ yẹn gan-an? Ibẹ̀ ni wàhálà wà fún àwọn oníṣẹ́ àṣegbà. Ẹ gbé rota yín méjèèjì ka iwájú ara yín. Ẹ má sọ pé "tó bá yá". Ẹ fa ìlà sí ọjọ́ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà bí ẹ ṣe ń kọ ọjọ́ dókítà. Bí rota kò bá jẹ́ kí ẹ pàdé rárá, ẹ ní ẹ̀tọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò lò. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, ní England, Scotland àti Wales, òṣìṣẹ́ lè kọ̀wé láti ọjọ́ kìn-ín-ní tó wọṣẹ́ pé kí ọ̀gá yí àkókò iṣẹ́ òun padà. Ẹ lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù 12, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù 2. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé rárá láì kọ́kọ́ pè yín jókòó sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà kò pọ̀: ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ìyípadà tí ẹ fẹ́, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹ ti kọ irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìwé náà pé lábẹ́ òfin ni ẹ ti ń béèrè. Ẹ má wulẹ̀ kọ ìtàn ìgbéyàwó yín sínú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀gá lè kọ̀ bó bá ní ìdí tí òfin gbà, àmọ́ ẹni tí kò béèrè kò lè rí gbà.

Àwọn tó ń ṣe àjẹ́ńsì, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, nítorí ti òṣìṣẹ́ pọ́ńbélé ni ẹ̀tọ́ yìí. Tiwọn ni kí wọ́n tètè sọ fún àjẹ́ńsì pé àwọn kò ní wà ní Sátidé báyìí báyìí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìpè ìṣẹ́jú ìkẹyìn fà wọ́n jáde. A mọ̀ pé owó àfikún dùn. Nǹkan kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ lè ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀. Ìwé yẹn kò gba ọjọ́ ìsinmi yín lọ́wọ́ yín o. Òfin ọdún 1998 ṣì fún yín ní wákàtí 24 gbáko nínú ọjọ́ 7, tàbí wákàtí 48 nínú ọjọ́ 14.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí wọ́n bá kéré, ẹ bọ́ wọn láago mẹ́fà, ẹ wẹ̀ wọ́n, ẹ fi wọ́n sórí ibùsùn, kí ẹ jókòó láago mẹ́jọ ààbọ̀. Kì í ṣe dandan kí wọ́n kúrò nílé. Bí wọ́n bá jẹ́ irú èyí tí kì í sùn, ẹ bá ìdílé míì tí ẹ mọ̀ dáadáa ṣe pàṣípààrọ̀: tiwọn á sùn lọ́dọ̀ yín lóṣù yìí, tiyín á sùn lọ́dọ̀ wọn lóṣù tó ń bọ̀. Kò sówó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, òfin kò sọ iye ọdún pàtó tí a lè fi ọmọ sílẹ̀ nílé nìkan, àmọ́ wọ́n lè gbé òbí lọ sílé ẹjọ́ bí ọmọ bá wà nínú ewu nítorí pé kò sẹ́ni tó ń mójú tó o. NSPCC sọ pé ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbọ́n tó láti dá wà fún ìgbà pípẹ́. Ìkejì, bí ẹni tó ń bá yín wo ọmọ kò bá tíì pé ọdún 16, ẹ̀yin òbí náà ni ẹ ṣì ń dáhùn fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ ọdún 13 ti ọ̀rẹ́ yín ṣe olùṣọ́ kí ẹ tó jáde lọ jẹun. Ìdí kan nìyí tí a fi ní nílé ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Ìdí kejì ni owó, ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Ká ní ẹ jáde. Oúnjẹ ẹni méjì £60, olùtọ́jú ọmọ £12 fún wákàtí kan, wákàtí 4 jẹ́ £48, owó ọkọ̀ £12. Àpapọ̀ £120. Ká wá ní ẹ sè é nílé: iṣu £5, ẹja £6, ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ £3, èso £3, nǹkan mímu £3. Àpapọ̀ £20. £100 ló wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, £1,200 nìyẹn lọ́dún, ẹ sì mọ ohun tí £1,200 lè ṣe fún tíkẹ́ẹ̀tì ilé. A kò sọ pé kí ẹ má jáde láéláé o. A ní kí àìsówó má di àwáwí.

Kí lẹ máa sè? Ẹ gbọ́, ẹ má se iyán. Iyán dùn, kò sẹ́ni tó sọ pé kò dùn, àmọ́ ẹni tó bá jẹ iyán láago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, oorun ló ń lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe ọbẹ̀ ọ̀fadà náà ní fláàtì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá ń yọ́ epo pupa títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, èéfín á gbòde, aago èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í han, gbogbo ọmọ á jí, aládùúgbò á sì wá kan ilẹ̀kùn. A mọ ohun tí à ń sọ.

Àsáró la dá lábàá. Ẹnikẹ́ni lè sè é, ìkòkò kan ló gbà, ẹni tó ń sè é kò sì ní pẹ́ nídìí sítóòfù títí èkejì á fi sùn. Fún ẹni méjì, ẹ bó iṣu tó tó gíráàmù 800, ẹ gé e kéékèèké, ẹ bu omi sí i kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó, ẹ fi iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da ata tí ẹ ti lọ̀ sí i: tàtàṣé méjì, ata rodo kan tàbí méjì, àlùbọ́sà ńlá kan. Ẹ fi epo pupa síbí ìjẹun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, edé, àti ẹja gbígbẹ tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọra hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Bí iṣu bá ti rọ̀, ẹ fi orógùn fọ́ bí ìdajì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyókù wà ní odidi. Ohun tó ń jẹ́ kó ki nìyẹn láì di ẹ̀kọ. Ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn, ẹ da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí sípínáàṣì sí i. Bó bá jẹ́ sípínáàṣì inú fírísà, ẹ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sọ àsáró di omi.

Ẹja tútù ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi iyọ̀, ata gígún àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ẹ yan án nínú ọ́ọ̀fù ní 200°C fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má dín in: òórùn ẹja díndín kì í kúrò lára aṣọ títí di ọjọ́ kejì, kì í ṣe òórùn tí a ń wá lálẹ́ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, máńgòrò tàbí ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí a ti gé sínú àwo, tó ti tutù. Ẹni tí kì í mu ọtí lè se zobo sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú.

Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti lọ ata, kì í ṣe Sátidé. Ẹ lọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, kó wọ fírísà. Ìyá tó bá ní ike ata mẹ́rin nínú fírísà, ó ti sinmi dé àyè kan. Ẹni tó bá sì sọ pé ìrẹsì lòun máa sè sílẹ̀ kóun tó lọ síbi iṣẹ́, kó fetí sílẹ̀: bí ìrẹsì sísè bá wà lórí sítóòfù títí di alẹ́, kòkòrò kan lè pọ̀ sínú rẹ̀ tí gbígbóná kì í mú oró rẹ̀ kúrò. Food Standards Agency sọ pé kí a jẹ́ kó tètè tutù, láàárín wákàtí kan bó bá ṣeé ṣe, kó wọ fíríìjì, kí a má sì jẹ́ kó ju wákàtí 24 lọ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ gbé e kaná, kó gbóná dénú. Oúnjẹ míì tó ṣẹ́ kù, láàárín ọjọ́ méjì ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. A mọ̀ pé nílé, ọbẹ̀ ń sùn lórí iná, a sì ń sè é láàárọ̀. Ní fláàtì tí ẹ̀rọ ìmúlégbóná ń ṣiṣẹ́ lóru, ẹ má dán an wò.

Ta ló máa sè é? Bí ìyàwó ló bá tún máa sè é lẹ́yìn tó ti se tọ̀sán tòru fún gbogbo ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ àfikún lẹ fún un yẹn, ẹ má pè é ní ìkẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa yí: oṣù yìí ọkọ, oṣù tó ń bọ̀ ìyàwó. Ẹni tí kò bá sè é ló máa fọ àwo. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n sè, ọ̀pọ̀ nínú yín dá gbé yàrá kan kí ìyàwó tó dé, ebi kò sì pa yín kú. Ọkọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, àsáró rẹ̀ àkọ́kọ́ jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Ìyàwó jẹ ẹ́ tán, ó ní òórùn jíjóná yẹn rán òun létí oúnjẹ iléèwé àwọn.

Ẹ tẹ́ aṣọ tó mọ́ sórí tábìlì, kódà bó jẹ́ ìlàjì ìró àǹkárá. Ẹ wọ aṣọ gidi, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tan àbẹ́là, ẹ gbé e sínú nǹkan tí kò lè ṣubú, kó jìnnà sí kọ́tìnì, ẹ sì pa á kí ẹ tó dìde. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ tètè ṣàlàyé fún un. Ìyá kan tó ti Ìbàdàn wá kígbe láti yàrá pé, "Ṣé NEPA ti dé ìlú ọba náà ni?"

Fóònù ńkọ́? Ẹ pa á, ẹ gbé e sí yàrá míì. Alẹ́ Sátidé ni ilé máa ń pè jù. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sán, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní sí nítòsí títí di àárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ rántí pé nígbà òtútù, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago wa dọ́gba.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ lórí tábìlì: owó ilé, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ̀gbọ́n tó ní kí ẹ bá òun kọ́ ilé, àti iléèwé ọmọ. A mọ̀ pé àwa tí a ń wo ìwé owó àwọn ènìyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ pé ẹ sọ̀rọ̀ owó. Ẹ sọ ọ́, àmọ́ ní ọjọ́ míì. Ẹ fún un ní ìdajì wákàtí tirẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tó wà lórí fíríìjì. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé Sọ́ńdè ń bọ̀, ẹ ò ní fi gbé e wọ inú oúnjẹ. Bí ẹ kò bá wá mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ bi ara yín pé: kí ló wù ọ́ jù lọ́sẹ̀ yìí? Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rí mi, kí ni mo wọ̀? Ẹ ó rí i pé ìdáhùn yín méjèèjì kò ní bára mu, ẹ̀rín á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a gbọ́dọ̀ sọ kedere. Oúnjẹ kì í ṣe oògùn fún ilé tí ìlù wà, tàbí ilé tí ẹnì kan ti ń gba owó oṣù èkejì, tó ń tì í mọ́lé, tàbí tó ń fi ìwé ìgbélùú halẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má se àsáró fún un, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. National Domestic Abuse Helpline, 0808 2000 247, kì í gba owó ìpè, wọ́n sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ lè sọ pé ẹ fẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, 999 ni.

Fún àwọn yòókù, tí àárẹ̀ nìkan ni wàhálà wọn: bí ẹ bá fẹ́ kí a bá yín kọ ìwé sí ọ̀gá nípa rota, ẹ mú rota yín méjèèjì àti ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín dání wá lọ́jọ́ ìmọ̀ràn. Kí ẹ̀yin méjì jọ wá bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó wá mọ ọjọ́ tí èkejì ń sinmi kó tó kúrò nílé, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa bi í nìyẹn.